Kànga tí Kò Sí Nínú Ìwé

Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ní Ìdúmàgbò pé Ọlọ́run ló jù mí sínú kànga nítorí pé mo lọ sí yunifásítì, mo padà dé, mo ní n kò kírun mọ́. Irọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò jù mí. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi sọ̀ kalẹ̀, tépù wà lápò mi, pẹ́ńsùlù wà létí mi, inú sì ń bí mi. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn náà, kó sọ ti inú tó ń bí mi yẹn mọ́ ọn, nítorí òun ló gbé mi wọlé.

Ọdún 1956 ni. Ìjọba ti pinnu láti wó apá kan Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní ilé wa há, wọ́n ní ó dọ̀tí, wọ́n ní ẹ̀fọn ń pamọ sí àgbàlá wa. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri wa bí ìgbà tí ènìyàn ń sàmì sí àgbò iléyá, wọ́n sì ní kí a máa palẹ̀ mọ́, Sùúrùlérè ni à ń lọ. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ilé yẹn, inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí, lábẹ́ yàrá tí Ìyá Àgbà ń sùn. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn béèrè bí a ó ṣe di ìyẹn ní ẹrù.

Nítorí pé èmi ni mo kàwé jù nínú ilé, èmi ni wọ́n ní kí n bá akọ̀wé tó wá ka ilé wa rìn. Ọ̀gbẹ́ni Godfrey ni orúkọ rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun dé orúnkún, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ wa yóò bù jẹ. Ó ka yàrá, ó ka ilé ìdáná, ó ka balùwẹ̀. Nígbà tí a dé àgbàlá ẹ̀yìn, kànga wa wà níbẹ̀, ọmọrí onípákó wà lórí rẹ̀, kẹ́tùlù tí Ìyá Àgbà fi ń ṣe àlùwàlá sì jókòó lórí ọmọrí náà. Ọ̀gbẹ́ni Godfrey kò sún mọ́ ọn. Ó kọ “kòtò omi kan” sínú ìwé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Akọ̀wé yìí kan náà ló ti sọ fún wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé ilé tó bá ní kànga tirẹ̀, wọn yóò fa ẹ̀rọ omi wọ àgbàlá rẹ̀ ní Sùúrùlérè; ilé tí kò bá ní, kí wọ́n máa lọ tò nídìí ẹ̀rọ ojú pópó. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, Àlímọ̀t lórúkọ, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ ló ń ṣe àlùwàlá, orúnkún rẹ̀ kò sì lè gbé e dé ojú pópó mọ́.

Mo sọ fún akọ̀wé pé kànga ni, pé bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, pé kó ṣí i wò. Ó wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

“Ọ̀rẹ́ mi,” ó ní, “n kì í kọ ohun tí n kò rí.”

Mo ní bí kò bá rí i, báwo ló ṣe mọ̀ pé kòtò ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó kọjá sí ilé kejì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ìṣirò ní Ìbàdàn. N kì í lè sùn bí àlọ́ kan bá wà nílẹ̀ tí n kò tíì já. Bí mo bá rí kọ́kọ́rọ́ kan he lójú ọ̀nà, mo lè fi ọ̀sẹ̀ kan wá àgádágodo rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wo inú nǹkan, tó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun mọ ohun tó wà níbẹ̀, n kò mọ oògùn rẹ̀. Mo pinnu pé èmi fúnra mi yóò wọn kànga náà, n ó ka bíríkì rẹ̀, n ó sì fi pẹtíṣàn bo ọ́fíìsì wọn mọ́lẹ̀.

Ìyá Àgbà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n má fẹsẹ̀ kan inú omi tí òun fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, pàápàá èmi. Ó ń gún mi lára ni. Láti ọdún kejì tí mo ti wà ní Ìbàdàn ni n kò ti kírun mọ́, ó sì mọ̀. Mo ti bá a jiyàn títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Mo ní kó fi Ọlọ́run hàn mí, mo ní ohun tí a kò lè rí, tí a kò lè wọ̀n, a kò gbọdọ̀ kà á mọ́ ohun tó wà. Ó ń lọ ata ní tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní Ọlọ́run kì í ṣe àgbò tí wọ́n so mọ́lẹ̀ fún ènìyàn wò.

Kànga náà sì ní ìtàn tirẹ̀. Gbogbo ọmọ Yorùbá ni wọ́n ti kọ́ pé bí o bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Ní ilé tiwa, òfin ni. Wọ́n ní àbúrò bàbá mi kan wà nídìí kànga lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ohùn kan pè é, ó jẹ́ “Hò o,” ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sin ín. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń wá Àǹtí Ganiat, àbúrò bàbá mi obìnrin, n kò lè dúró ní yàrá kí n pè é. Mo gbọdọ̀ lọ dúró síwájú rẹ̀ kó rí ojú mi. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, mo ti fara pamọ́ sẹ́yìn kànga yẹn rí, mo fi ohùn imú pe Àǹtí Ganiat títí ó fi da omi sílẹ̀ tó sá. N kò jẹ́wọ́ fún un. Èmi náà wà lára ẹni tó sọ kànga náà di ilé àlùjọ̀nnú.

Mo dúró di ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Ìyá Àgbà àti Àǹtí Ganiat lọ sí Èbúté Èrò láti ra agbọ̀n tí a ó fi kó ẹrù, àwọn ọkùnrin sì lọ kírun Jímọ̀ọ̀. Ilé dá. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, aṣọ gbogbo ilé ni wọ́n fi omi kànga náà fọ̀, nítorí náà ìwọ̀nba ló kù níbẹ̀. Mo fa gárawà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n jáde, omi náà wá kù sí kókósẹ̀. Mo so okùn mọ́ òpó, mo fẹsẹ̀ wá ihò tí bírikìlà àtijọ́ fi sílẹ̀ lára ògiri rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ó dára bí ilé ọba. Ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún, bíríkì tó jóná dáadáa, ẹsẹẹsẹ, kò sí ọ̀kan tó yẹ̀. Ipa dúdú kan wà lára ògiri náà tó fi ibi tí omi máa ń dé hàn: ìlà bíríkì méjì lókè orí mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Mo ti ń rí ojú Ọ̀gbẹ́ni Godfrey bí yóò ṣe rí nígbà tó bá kà á.

Nǹkan tí n kò kà sí ni ògiri Bàbá Candido. Bàbá Candido ni aládùúgbò wa, káfíńtà ni, Àgùdà ni wọ́n, láti Bùràsíìlì ni bàbá rẹ̀ ti bọ̀. Ilé tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wó. Àwọn lébìrà ti gé ẹsẹ̀ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga wa, láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí àkókò Jímọ̀ọ̀ tó, wọ́n ju irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ. Wọn kò fi igi kan tì í. Ògiri tí kò lẹ́sẹ̀, tó ga ju ọ̀pẹ kékeré lọ, wọ́n fi í sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ọ̀sà, wọ́n lọ bẹ Ọlọ́run. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, eyín mi a máa pa kẹ̀kẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀. Mo wòkè. Ojú ọ̀run, tó yípo tó funfun lókè mi, ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kò sì là mọ́.

Mo fẹ̀yìn mọ́ ògiri. Bíríkì ń já bọ́ síwájú mi, okùn náà já bọ́ pẹ̀lú wọn, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Pánù àti igi àjà Bàbá Candido ti dí ẹnu kànga pa. Nígbà tí mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò gbé. Ògúlùtu ńlá kan ti jókòó lé e lórí. Mo fọwọ́ kàn án, mo tì í, mo fà á, ìrora náà gun orí mi. Kò mì.

Ìbínú ló kọ́kọ́ wá. Mo bú àwọn lébìrà náà, mo bú fóòmánù wọn, mo bú Ọ̀gbẹ́ni Godfrey àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Mo la ojú, mo pa ojú dé, bákan náà ni. Òkùnkùn alẹ́ kọ́ ni irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀. Alẹ́ a máa ní ìràwọ̀, a máa ní iná àtùpà ẹnìkan lọ́nà jíjìn. Mo mọ̀ pé ọ̀sán gangan ni, pé oòrùn ń ran gbogbo Èkó, pé èmi nìkan ni kò ràn.

Omi náà sì ń sun padà. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ bíríkì. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni mo ṣe: mo bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ó ti kókósẹ̀ dé orúnkún mi nígbà tí mo ka ẹgbàá. Láti orúnkún dé ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. Nítorí náà, kí n tó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́fà sí i, omi yóò wà lẹ́nu mi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há kò lè léfòó. Ipa dúdú tí mo kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú sì wà lókè orí mi. Ìṣirò náà péye. N kò tíì rí ìṣirò tó péye tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fẹ́ràn.

Omi ti dé itan mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn àwọn obìnrin. Wọ́n ti ọjà dé. Àǹtí Ganiat ń figbe ta nítorí ògiri tó wó, ó ń dúpẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé, ó ń sọ pé èmi Jíbrílù yóò ti jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi aláwọ̀ funfun. Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn. Mo fi gbogbo agbára pe Ìyá Àgbà.

Agbọ̀n kan bọ́ lulẹ̀ lókè.

Mo tún pè é. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ Àǹtí Ganiat tó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu.

“Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?”

“N kò gbọ́ nǹkankan,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ìwọ náà kò gbọ́.”

Mo pe Àǹtí Ganiat. Mo ní èmi ni, èmi Jíbrílù, mo wà nínú kànga. Kò dáhùn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó ní àlùjọ̀nnú náà ti mọ orúkọ Jíbrílù. Ó ní ó ti gbé ohùn ọmọ náà wọ̀ bí ẹ̀wù. Lẹ́yìn náà bàtà Bàbá Candido dé, ó wá wo ògiri ilé bàbá rẹ̀ tó wó. Mo pè é. Gabirẹ́ẹ̀lì ló máa ń pè mí, ó ní orúkọ kan náà ni, máléékà kan náà ni, nítorí náà mo ní, “Bàbá Candido, èmi ni, Gabirẹ́ẹ̀lì.” Ó pe Màríà Mímọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bàtà rẹ̀ sì yára ju bó ṣe wá lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń bí mi nínú. Bí ó bá jẹ́ olè ló wà nínú kànga yẹn, tí kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, tó kàn ń ké “Ẹ gbà mí,” bóyá wọn ìbá ti yọ ọ́. Èmi mọ orúkọ wọn. Bí mo ṣe mọ̀ wọ́n tó ni ẹ̀rù mi ṣe bà wọ́n tó. Mo pe Ìyá Àgbà ní orúkọ oríkì rẹ̀ tí ẹni tó wà lẹ́yìn odi kò mọ̀. Mo gbọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tó tì. Wọ́n ti wọlé lọ láti má baà gbọ́ mi. Mo ké títí ọ̀fun mi fi há. Èmi ni mo fi ohùn imú kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ náà ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n dáadáa.

Omi dé ìdí mi. Ó tutù. Ìgbà náà ni ìbínú tán, ẹ̀rù sì dé. N kò lè júwe rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí. Mo gbọ́ ohùn ẹnìkan tó ń ké bí ọmọdé, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni. N kò lè kà mọ́. Bí mo bá dé ogún, nọ́ńbà tó kàn a sá.

Kí ìbínú má baà kú tán, mo wá ẹlòmíràn tí n ó bú. Kò sí ẹni tó kù. Mo bú Ọlọ́run. Mo ní bí Ó bá wà, ìwà burúkú ni èyí. Mo ní obìnrin kan wà lókè yìí tó ti fi omi kànga yìí sìn Ọ́ fún ọgọ́ta ọdún ó lé, omi yẹn náà ni O fẹ́ fi pa ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo ní kí Ó dá mi lóhùn. Mo ní kí Ó má ṣe dúró síbẹ̀ kó máa wò mí.

Nígbà tí mo sọ ìyẹn tán, mo dákẹ́, nítorí pé mo gbọ́ ara mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá A sọ láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. N kì í bú ẹni tí kò sí. N kò bú àlùjọ̀nnú rí. Mo rántí Ọ̀gbẹ́ni Godfrey tó dúró lókèèrè, tí kò jẹ́ kí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, tó kọ “kòtò” sínú ìwé. Ojú tì mí nínú òkùnkùn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí mi.

N kò ní sọ pé mo gbàgbọ́ lójú ẹsẹ̀. Orí mi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó kàn ni pé orí náà tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́, ó sì ṣe é bí àlọ́: ohùn wo ni Ìyá Àgbà máa ń dá lóhùn tí kò rí ẹni tó ni ín? Nígbà tí mo bi ara mi báyìí, ó já. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ ni ládánì ń pe ìrun láti orí mọ́ṣáláṣí. Ìyá Àgbà kò rí ojú ọkùnrin náà rí. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ń ṣe, a jọ̀wọ́ rẹ̀, a sì dá a lóhùn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀.

Ẹ̀tàn ni mo fẹ́ ṣe. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo fẹ́ fi ìpè ìrun tan ìyá mi àgbà jáde bí ẹni ń fi àgbàdo tan adìyẹ.

Omi ti dé egungun ìhà mi. Mo fọwọ́ méjèèjì di etí, bí ládánì ṣe ń ṣe, mo sì gbé ohùn sókè. Mo ní Ọlọ́run ló tóbi jù, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ohùn mi há, ṣùgbọ́n bíríkì àtijọ́ yẹn gbà á, ó gbé e ga. Ó kan ẹ̀rí. “Mo jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Ọlọ́run.” Ẹnu mi kọ̀ ọ́. N kò tíì kọ ìdáhùn sábẹ́ ìṣirò tí n kò ṣe rí láyé mi, n kò sì fẹ́ fi irọ́ lọ sọ́run. Mo dúró. Omi ń gòkè. Bí mo bá fo gbólóhùn náà, obìnrin yẹn yóò mọ̀.

Mo ní, “Bí O bá wà níbí, jẹ́ kí n lè sọ ọ́ ní òtítọ́.”

N kò rí ìmọ́lẹ̀. N kò gbọ́ ohùn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn wọ yàrá tó ṣókùnkùn, tí kò rí ọwọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tó mọ̀ pé ẹnìkan jókòó síbẹ̀, pé ẹni náà ti wà níbẹ̀ kí òun tó wọlé. Ẹ̀rù kò lọ. Ó kàn jẹ́ pé èmi nìkan kọ́ ni mo wà pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Mo jẹ́rìí. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo jẹ́rìí, ohùn mi kò sì há ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àǹtí Ganiat ń bẹ̀bẹ̀, ó ní kò tíì tó àkókò Alásàárì, ó ní ta ló ń pe ìrun nígbà tí kì í ṣe àkókò bí kì í bá ṣe ẹni tó ń tan ènìyàn. Ohùn Ìyá Àgbà kò ga, ṣùgbọ́n ó dé ọ̀dọ̀ mi.

“Ó pe Ọlọ́run. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀tàn, ọ̀rọ̀ òun àti Ọlọ́run nìyẹn. Ìdáhùn tèmi, gbèsè ni lọ́rùn mi.”

Ó sì dáhùn. Ó gba ẹ̀rí náà lẹ́nu mi, ó sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo ní kí gbogbo ènìyàn wá síbi ìrun. Ní ibẹ̀ yẹn, ẹni tó ń dáhùn kì í tún un sọ. Ọ̀tọ̀ ni ìdáhùn rẹ̀, mo sì ti gbàgbé. Ó sọ ọ́ ní èdè Lárúbáwá, ó wá fi Yorùbá kún un bó ṣe máa ń ṣe.

“Kò sí ọgbọ́n, kò sí agbára, àfi lọ́dọ̀ Ọlọ́run.”

Omi wà lọ́mú mi. Ọgbọ́n mi ló gbé mi débẹ̀, agbára mi kò sì lè gbé bíríkì kan. Mo sunkún, mo sì pe ìyókù dé òpin.

Nígbà tí mo parí, mo gbọ́ tó sún mọ́ ẹnu kànga. Lẹ́yìn náà ló ní, “Àlùjọ̀nnú kì í lè pè é tán. Jíbrílù, kí lò ń wá níbẹ̀?”

“Mo ń wọ̀n ọ́n ni, Ìyá.”

“Olódo,” ni Ìyá Àgbà wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ké pe gbogbo àdúgbò.

Bàbá Candido gbé ọ̀pá irin wá. Àwọn lébìrà ti dé nígbà náà, ẹ ó sì rò pé wọn yóò sáré. Fóòmánù wọn ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi wọ̀nyẹn, kọngílá tó gba iṣẹ́ ló ni wọ́n. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi, omi wà léjìká mi. Bàbá Candido fèsì fún un pé igi ilé bàbá òun ni, pé kó wá dúró síwájú òun bó bá fẹ́ gbà á. Kò dúró. Lébìrà kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ bá mi nínú omi, ó rì, ó sì fi ọ̀pá irin náà yí ògúlùtu kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Omi ti ń kan àgbọ̀n mi nígbà tí wọ́n fà mí jáde.

Ẹsẹ̀ náà dá níbi méjì. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìtàn ti gba Ìdúmàgbò. Wọ́n ní Ọlọ́run fi kànga kọ́ oníwèé kan lọ́gbọ́n. Mo ní irọ́ ni, ògiri tí wọn kò fi igi tì ló wó, kí wọ́n má fi orúkọ Ọlọ́run bo ìwà àìbìkítà ènìyàn. Wọ́n ní ẹ ò rí i, ó ṣì ń jiyàn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣì ń jiyàn. Mò ń kírun ní ìjókòó nítorí ẹsẹ̀, mo sì ń bá A jiyàn lórí ẹní ìrun. Mo béèrè ti ògiri náà lọ́wọ́ Rẹ̀. Kò tíì sọ fún mi, ṣùgbọ́n n kì í dìde kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó bá ògiri sọ̀rọ̀.

Mo kọ pẹtíṣàn mi: ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún, iye bíríkì, ipa omi, gbogbo rẹ̀. Ìlà méjì ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní àwọn yẹ ìwé wò, kò sí kànga kankan nínú ilé tó ní nọ́ńbà yẹn.

Ọ̀sẹ̀ keje ni wọ́n dé sí tiwa. Ọ̀gbẹ́ni Godfrey dúró pẹ̀lú ìwé rẹ̀, àwọn lébìrà rọ́ iyẹ̀pẹ̀ sídìí kànga, wọ́n mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Mo fi ọ̀pá rìn dé ibẹ̀. Inú tún ń bí mi bí ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo wo oòrùn, ó ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí. Àkókò Àìlà ti tó, lóòtọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo dúró létí kànga, mo fọwọ́ di etí, mo pe ìrun.

Lébìrà àkọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì rẹ̀ lélẹ̀. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Godfrey béèrè ta ló ní kí wọ́n dúró. Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn, èmi ni wọ́n ń dá lóhùn, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì. Lẹ́yìn náà wọ́n ju gárawà sínú kànga, wọ́n fa omi, wọ́n sì ń bu ún fún ara wọn. Mo kà wọ́n. Ọkùnrin mẹ́tàdínlógún ló fi omi tí kò sí nínú ìwé ṣe àlùwàlá níṣojú akọ̀wé. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n kírun tán, wọ́n gbé ṣọ́bìrì wọn, wọ́n di kànga náà pa. Ẹni tó yọ ẹsẹ̀ mi wà lára wọn. Ó wò mí kó tó da ti àkọ́kọ́.

Ìyá Àgbà ti bu kẹ́tùlù rẹ̀ kún ṣáájú wọn. Orí itan ló gbé e lé nínú mọ́tò títí a fi dé Sùúrùlérè, kò sì jẹ́ kí ó dà.